Agolo Ọyẹ́, Agolo Òjò

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún bi mí bóyá ọyẹ́ ló ń mú ikọ́ wá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Minna níbí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò bi mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún ń dùn mí, ojú mi ń ṣe bàìbàì, sùúrù mi náà ò sì tó nǹkan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn, kó jókòó kí n sọ̀rọ̀ Ìyá Láwàl fún un. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, èmi tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mọ̀ríámọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìlọrin. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ àlùfáà kéwú, mú un wá sí Limawa, àdúgbò wa yìí ní Minna, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà níbẹ̀. Láwàl ni àkọ́bí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwa Yorùbá fi ń pè é ní Ìyá Láwàl. Àwọn ọmọ àdúgbò, tí Hausa ti gba ẹnu wọn tán, Baaba Mai Wanka ni wọ́n ń pè é. Wanka ni ìwẹ̀ lẹ́nu wọn, wíwẹ ọmọ tuntun sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ kú, iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí wọ́n bá bímọ nílé Yorùbá ní Limawa, ìbáà jẹ́ ilé Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ ti àwa Onítẹ̀bọmi tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ogójì ọjọ́ gbáko ni Ìyá Láwàl yóò fi wá wẹ ọmọ náà láràárọ̀. Ó wẹ Ayọ̀ tèmi náà, ẹni tó ti ń fi irùngbọ̀n halẹ̀ mọ́ mi báyìí.

Ojúde mi ló máa ń gbà kọjá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ ó rí i pẹ̀lú báàgì rọ́bà rẹ̀: kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, òrí, àti àpótí ìjókòó kékeré kan. Ilé mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Tó bá ń padà bọ̀, ó máa ń yà lọ́dọ̀ mi, á jókòó sórí pèpéle, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìyá Ayọ̀, ìbàdí ń pè mí o." Èmi á ní kó má dá a lóhùn. A ó wá máa mu kunu, a ó máa ráhùn títí oòrùn á fi ga.

Ọwọ́ rẹ̀ dára, kí n má purọ́. Á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á máa rọra bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á fi òrí ra á títí tí yóò fi máa dán. Ọmọ tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, kó tó wẹ̀ ẹ́ tán, á ti sùn lọ. Ohun kan wà tó máa ń ṣe kẹ́yìn. Bí imú ọmọ bá dí, á gbé ẹnu lé imú náà, á fa ikun rẹ̀ jáde, á tu ú dànù, á fi omi ṣan ẹnu, ó di ilé kejì. Gbogbo àwọn ìyá wa ló ṣe é, ìyá tèmi fa imú mi bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mi ò sì sọ ọ́. Ẹni tó wẹ ọmọ mi, ṣé èmi ni n ó wá kọ́ ọ níṣẹ́? Mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ó ń ké kùránì bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé kọ. Ìrépé aṣọ ló fi ń ka ọjọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìrépé tirẹ̀: ó wẹ̀ ẹ́ lónìí, ó ta kókó kan. Tó bá di Jímọ̀, á so òwú pupa mọ́ kókó ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí ara ọmọ ò bá yá, tí imú ń dà, tó ń wúkọ́, kókó méjì ló máa ń ta pọ̀ lójú kan. Bí ogójì bá pé, á ká ìrépé náà, á fi pamọ́ sínú agolo mílíìkì ńlá. Agolo méjì ló ní. Tí ọ̀kan bá kún, á kó ti àtijọ́ jáde kí tuntun lè ráyè. Ọ̀kan wà fún àwọn ọmọ tó wẹ̀ nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan wà fún ti ìgbà òjò. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ilé ìkàwé tó dà bíi tirẹ̀ ní gbogbo Minna.

Oṣù kẹjọ èṣí ni ikú wọ agolo òjò. Sabirah, ìyàwó ọ̀dọ́ kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, wá ọmọ fún ọdún márùn-ún kó tó bí Ubaydullah. Ìyá Láwàl ló ń wẹ ọmọ náà. Ó ń ṣe dáadáa, ó ń sanra, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní Jímọ̀ kan, òjò sì ká gbogbo wa mọ́ inú yàrá wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Kò lè mu ọyàn mọ́. Tó bá ń mí, ìhà rẹ̀ ń wọnú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún láyé, ó sì dákẹ́. Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì péré, pé òtútù òjò ló mú un lọ. Èmi náà gbọ́, mo mi orí. Ó rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn nílé ọ̀fọ̀.

Ó di oṣù kẹfà ọdún yìí. Ìyá Láwàl yà lọ́dọ̀ mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ummuhani, ọmọ Láwàl, tó wà nílé ọkọ ní Fadikpe, ti lóyún, oṣù kẹjọ ni yóò sì bí. Ojú ìyá àgbà náà ń tàn.

"Ìyá Ayọ̀, mo ti wẹ ọmọ, mo ti wẹ ọmọ-ọmọ. Ó ku ọmọ ọmọ-ọmọ. Èyí ni n ó fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Tí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, n ó fi kànrìnkàn kọ́ ara ògiri, n ó sinmi. Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ n kú kó tó dé. Ọpẹ́ ni pé inú òjò ló bọ́ sí. Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ ń jà, kò ní bá a."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ orúnkún, ó lè jẹ́ ooru. Mo ṣáà jágbe. "Ta ló sọ fún yín pé ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ikọ́ ń jà?"

"Ojú mi ló sọ fún mi. Àádọ́ta ọdún."

"Ojú yín ń tàn yín. Ẹ lọ gbé agolo méjèèjì wá."

"Kai! Ìyá Ayọ̀, ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ ṣe fún mi ni?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá."

Ó gbé e wá, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. A da agolo ọyẹ́ sórí ẹní. Ìrépé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, mọ́kànlá nínú wọn ló ní kókó méjì. A da agolo òjò. Mẹ́rìnlélógún ni tibẹ̀, mẹ́rìnlá ló sì ní kókó méjì. Mo wò ó lójú. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Haba, ìyẹn kì í ṣe ikọ́. Òtútù ni."

"Kí ló ń ṣe àwọn ọmọ inú agolo òjò yẹn?"

"Imú wọn ń dà, wọ́n ń wúkọ́."

"Àwọn ti agolo ọyẹ́ ńkọ́?"

"Imú wọn ń dà, wọ́n ń…"

Ẹ wò ó, ẹnu àwa fúnra wa ló tàn wá jẹ. Tó bá dé nígbà ọyẹ́, ikọ́ là ń pè é, a ó da ṣúwẹ́tà bo ọmọ, a ó sì máa ṣọ́ ọ bí ojú. Tó bá dé nígbà òjò, a ó ní òtútù ni, pé yóò lọ. A ó wá ti fèrèsé pa, a ó kó ènìyàn mẹ́wàá sínú yàrá kan kí òjò má baà pa wọ́n, wọn ó máa mí sí ara wọn lójú. Àwọn Hausa náà kò sàn jù wá lọ, sanyi ni wọ́n ń pè é, wọn a sì tilẹ̀kùn. Àìsàn kan náà ló jẹ́ orúkọ méjì, ọ̀kan ṣoṣo là ń ṣọ́. Nínú ìwé ilé ìwòsàn pàápàá, èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, bí ìyá ọmọ bá ní òtútù, mo máa ń kọ òtútù.

"Ṣé kò wá ní àsìkò ni?" Ìyá Láwàl bi mí.

"Ó ní. Ọyẹ́ ń gbẹ imú wa, òjò ń kó wa pọ̀ sójú kan, ìgbà méjèèjì ló sì máa ń pọ̀. Kòkòrò tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn fẹ́ràn ìgbà yìí, òmíràn fẹ́ràn ìgbà yẹn, ọdún kan kì í sì í jọ èkejì. Ẹ ò rántí kòrónà? Ṣebí inú ooru ló wọlé tọ̀ wá, tí gbogbo wa ń sọ pé oòrùn Minna yóò sè é jinná!"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹnu mi bá ti ń borí, kì í mọ ibi tí yóò dúró. Mo rí ìrépé mẹ́rin tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ara wọn. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní àwọn ọmọ mẹ́rin tí òun wẹ̀ pọ̀ lóṣù kẹjọ èṣí nìyẹn. Mo tú wọn, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bó ṣe ń tẹ̀lé ilé: ilé Alice, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́mọ náà, ló kọ́kọ́ ń yà, lẹ́yìn náà ilé méjì tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí, ilé Sabirah ló fi ń kádìí. Ó fi ìka tọ́ka sí Jímọ̀ tí wọ́n sọ Ubaydullah lórúkọ. Mo fi òwú pupa bá òwú pupa dọ́gba. Kókó méjì wà lára ìrépé ọmọ Alice ní Sátidé. Ti ilé kejì wà ní Mọ́ńdè. Ti ilé kẹta wà ní Túsìdeè. Ti Ubaydullah wà ní Ọjọ́rú. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

"Ẹ ò rí i? Ọyẹ́ ò lẹ́sẹ̀, Ìyá Láwàl. Òjò náà ò lẹ́sẹ̀. Ènìyàn ló ń gbé e láti ilé dé ilé!"

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Láwàl wo ìrépé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìka tẹ̀lé wọn, láti orí tàkọ́kọ́ dé orí tìkẹyìn, bí ẹni tó ń ka wàláà.

"Sátidé yẹn," ó ní, "imú ọmọ Alice dí pa. Mo fà á fún un." Ó gbé itọ́ mì. "Nígbà tó di Àtìní, ọ̀fìnkìn díẹ̀ mú èmi náà. Mo ní ọ̀fìnkìn kì í pa àgbà. Mo lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Ayọ̀, ta ló wá rìn ín dé ilé Sabirah?"

Ó kó àwọn ìrépé rẹ̀ sínú agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ti Ubaydullah ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúrú ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn nígbà yẹn, kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, síbẹ̀ ó ń ta kókó rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi dákẹ́. Kò dá a padà sínú agolo. Ó fi í sínú àyà rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni kò gba ojúde mi kọjá. Àwọn ọlọ́mọ ń wá a. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ṣe Baaba. Èmi nìkan ni mo mọ̀, ojú sì ń tì mí. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, mo fa ẹsẹ̀ mi lọ bá a. Ó jókòó sórí ẹní ìkírun, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi dáadáa.

"Ẹ̀yin lẹ kàwé," ó ní. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé èmi ni mo pa ọmọ yẹn?"

"Mi ò mọ̀."

"Nọ́ọ̀sì ni yín."

"Mi ò mọ̀, Ìyá Láwàl, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó lè mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin. Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ṣé ẹ ti gbàgbé iye ènìyàn tí òjò ká mọ́ yàrá yẹn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ? Gbogbo wa la gbé e jó. Èmi náà gbé e."

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí mi ò lè pọ̀. Ìgbà mélòó ni èmi fúnra mi ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, torí pé kò sẹ́ni tí yóò dúró fún mi? Mo gbé ọmọ wọn lórí òṣùwọ̀n, mo gún wọn lábẹ́rẹ́, mo ń sín sí apá kan, mo ń nu imú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Èmi ò ta kókó kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sùn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un kí ẹrù náà lè fúyẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi tó ń yá láti borí, kò yá láti jẹ́wọ́. Mo ní kó má bínú, mo dìde, mo lọ sílé.

Ṣé ẹ rí i, ó padà bẹ̀rẹ̀ sí yà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò gbé báàgì dání mọ́. Ó sọ fún gbogbo ọlọ́mọ pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìbàdí ò gbà mọ́. "Ti Ummuhani nìkan ló kù," ó sọ fún mi. "Èyí tí mo ti ń dúró dè. Tí n kò bá wẹ ìyẹn, kí ni mo wá ṣe láyé?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, Ummuhani bí obìnrin. Ilé ìwòsàn dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá Láwàl sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Fadikpe. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Ó ti ra kànrìnkàn tuntun, ó gbé báàgì náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dì í mú gírí. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gọ́tà kan ló sín. Ó tún sín lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo iwájú, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ ò rí bí èmi ṣe rí? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ, mo tún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Láti àná ni ọ̀fun ti ń yún mi," ó ní. Kò wò mí.

Abdussamad, ọkọ Ummuhani, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Gidan Kwano, ti jáde wá pàdé wa pẹ̀lú agbòjò. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ tàbí kí n ní ó fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Omi ti gbóná, abọ́ ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, Ummuhani jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa láti inú yàrá. Ìyá Láwàl dé ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó dúró.

"Ẹ wọlé, Ìyá," Abdussamad ní. "Ṣebí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ìyá Láwàl tún ẹsẹ̀ rẹ̀ fi sínú bàtà. "Orí rẹ̀ ò ní wọ́," ó ní. "Ṣí fèrèsé yẹn fún mi. Ìta ni n ó ti tọ́ ọ."

Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tí Ummuhani rí i pé kò wọlé, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ò wẹ ọmọ rí, pé ẹ̀rù ń ba òun, pé láti ìgbà tí òun ti lóyún ni Màmá ti ṣèlérí. Èmi náà ń sunkún, kí n má tàn yín. Ìyá Láwàl nìkan ni kò sunkún. Ó dúró lábẹ́ agbòjò, ó fi ìborùn di imú àti ẹnu rẹ̀, ó ju kànrìnkàn tuntun fún Abdussamad kó lọ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

"Ummu, dákẹ́. Na ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Tẹ́ ẹ lé e. Ọwọ́ òsì lábẹ́ orí. Mo ní òsì, kì í ṣe ọ̀tún. Ẹ̀hẹ́n. Bu omi sí ọrùn ọwọ́ rẹ kí o mọ̀ bó ṣe gbóná tó. Má bẹ̀rù, kò ní já, ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹyin."

Ọmọ ké, ìyá ọmọ ké, ìwẹ̀ ṣáà parí. Imú ọmọ náà dí díẹ̀. Mo rí i tí ẹnu Ìyá Láwàl ń mì lábẹ́ ìborùn, bí ẹni tó fẹ́ fa nǹkan láti ìta wá. Ó yíjú sí mi pé, "Ẹ sọ fún wọn, Nọ́ọ̀sì." Mo sọ fún wọn bí wọn ó ṣe fi rọ́bà kékeré tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń rí obìnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní Nọ́ọ̀sì láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a tó lọ, ó yọ ìrépé aṣọ tuntun kan, ó ta kókó àkọ́kọ́ níwájú fèrèsé.

Ọ̀fìnkìn náà ò fi í sílẹ̀ kíá. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà rẹ̀, ó ń wúkọ́ bí ẹ̀rọ ọkọ̀ àtijọ́, síbẹ̀ kò sí òwúrọ̀ kan tí kò wọ kẹ̀kẹ́ lọ dúró ní fèrèsé Fadikpe. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Rumaysa, ìta ló ti ṣàmín. Ó lé gbogbo àlejò tó ń fọ́n imú padà, ó bínú sí àwọn kan, àwọn kan bínú sí i. Ó ní kí wọ́n máa bínú lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, tí ikọ́ ti lọ tán, tí mo ti fi etí mi gbọ́ àyà rẹ̀, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó fi ìbòmú bo imú, ó wọlé. Ó gbé Rumaysa lé ẹsẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́ pẹ́ débi pé omi tutù.

Ogójì ọjọ́ pé lóṣù kẹsàn-án. Ó mú ìrépé Rumaysa wá síbi pèpéle mi, ó nà án láti etí kan dé ìkejì. Kókó ẹyọ-ẹyọ ni gbogbo rẹ̀, kò sí méjì kankan níbẹ̀. Mo kí i kú oríire. Ó ti ọwọ́ bọ àyà, ó yọ ìrépé kúkurú yẹn jáde.

"Mo fẹ́ lọ bá Sabirah," ó ní. "Ẹ bá mi lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Mo ní kí ló fẹ́ lọ ṣí egbò fún, pé kò sẹ́ni tó mọ òótọ́, pé ó lè di ìjà nílé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní òun ò lè fi kànrìnkàn kọ́ ògiri pẹ̀lú èyí láyà òun. Ó ti ń lọ, kí ni n ó ṣe? Mo tẹ̀lé e.

Sabirah ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé àpótí fún wa. Ìyá Láwàl kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lóòró: ọmọ Alice, ikun tó fi ẹnu fà, ọ̀fìnkìn tó mú un tó sì tún lọ síbi iṣẹ́, òwú pupa, kókó méjì. Ó ní, "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọwọ́ mi ló ti wá. Dákun, yọ̀ǹda mi nítorí Ọlọ́hun."

Sabirah ń wo àwo ẹ̀wà. Ìka rẹ̀ ti dúró. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìyá, kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ni ọ̀fun ti ń dùn mí. Inú ìrọ̀rí ni mo ti ń wúkọ́, kí ìyá ọkọ mi má baà gbọ́ kó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo ń fún un lọ́yàn, mo ń wúkọ́ sí i lórí. Láti èṣí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀. Èmi ni mo rò pé mo ṣe é."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi, èmi tí mo kàwé, mi ò sì ní nǹkan kan láti fún wọn. Ìyá Láwàl rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ìrépé náà lé e lọ́wọ́.

Sabirah bẹ̀rẹ̀ sí fi àtàǹpàkò ka kókó rẹ̀. Nígbà tó dé ibi kókó méjì, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń kà á lọ títí ó fi dé òpin.

"Mọ́kàndínlógún," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ka ọjọ́ rẹ̀ pé."